Ọ̀kan Ni Tàbí Méjì: Ọ̀rọ̀ Ọwọ́ Òsì Bàbá Alápòtí

Ilo-Awela,
Ṣàngó-Ọ̀tà.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀.

Àṣàkẹ́ ọmọ mi,

Mo dúpẹ́ pé èmi lo pè. Kí n tó sọ ohunkóhun mìíràn, jẹ́ kí n sọ ìyẹn ná. Ọmọ tó ṣe àṣìṣe níbi iṣẹ́ tuntun, tó sì jẹ́ pé bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ rántí, ó ti dá bàbá náà lọ́lá. Lọ́jọ́ Àìkú tí o pa fóònù tán, mo jókòó síbẹ̀, mò ń rẹ́rìn-ín músẹ́, títí màmá rẹ fi bi mí pé, "Bàbá Àṣàkẹ́, ta ló sọ̀rọ̀ dídùn sí yín létí?"

Mo ní ìwọ ni.

"Kí ló ní?"

Mo ní o ṣe àṣìṣe níbi iṣẹ́. Ó wò mí bíi pé orí mi ti dàrú, ó sì padà sí ìdí ẹ̀wà rẹ̀.

O ní kí n má tíì dá ọ lóhùn, kí n rò ó dáadáa. Mo ti rò ó. Ọ̀rọ̀ náà gùn ju ohun tí a lè sọ lórí fóònù lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò. Awakọ̀ tó máa ń lọ sí Ìbàdàn láti Ìyànà Ìyẹsí yóò gbé e wá fún ọ lọ́la, pẹ̀lú àpò kékeré kan. Má ṣí àpò náà kí o tó ka lẹ́tà yìí tán.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ tún ọ̀rọ̀ rẹ sọ, kí n lè mọ̀ bóyá mo gbọ́ ọ yé. O ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta níbi iṣẹ́ náà. Àwòrán ọpọlọ àwọn tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ni wọ́n ń kó fún yín, ẹ̀yin sì ń mú kí kọ̀ǹpútà fún ibi kọ̀ọ̀kan tó ti bàjẹ́ nínú ọpọlọ ní nọ́ńbà tirẹ̀. Àwọn àwòrán tí ẹ bá ti fún ní nọ́ńbà ni wọn yóò fi kọ́ ẹ̀rọ kan ní ìwé, kí ẹ̀rọ náà lè máa bá àwọn dókítà ka àwòrán níbi tí kò ti sí irú èmi, dókítà tó ń ka àwòrán inú ara. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, o rí i pé o ṣi òfin lò lórí ìdìpọ̀ àwòrán kan, tí ibi méjì tàbí mẹ́ta fi di ẹyọ kan ṣoṣo. Ọ̀gá rẹ ti fọwọ́ sí i. Lọ́jọ́ Ẹtì ni yóò kúrò lọ́wọ́ yín. Kò sí ẹni tó mọ̀. O sì ṣì wà nínú oṣù mẹ́ta tí wọ́n fi ń dán ọ wò. O wá bi mí pé, "Dádì, tí mo bá sọ ọ́, tí wọ́n bá ní kí n máa lọ ńkọ́?"

Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Ó dáa.

Mo mọ̀ pé màmá rẹ yóò ka lẹ́tà yìí kí n tó lẹ̀ ẹ́. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n la ti jọ ń gbé, kò tíì sí lẹ́tà mi kan tó jáde nílé yìí tí kò kà. Nítorí náà, fara balẹ̀ fún mi kí n ṣàlàyé iṣẹ́ wa fún òun náà. Ìwọ ti mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ó dáa kí ènìyàn máa gbọ́ ohun tó ti mọ̀.

Ìyá Àṣàkẹ́, fojú inú wo búrẹ́dì tí wọ́n ti gé wẹ́wẹ́, irú èyí tí wọ́n ń gbé kọjá níwájú ilé wa láràárọ̀. Ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ọpọlọ kì í ya odidi orí lẹ́ẹ̀kan. Ègé ègé ló ń yà á, láti àtàrí dé ọrùn. Bí o bá mú ègé búrẹ́dì kan, wàá rí ihò afẹ́fẹ́ nínú rẹ̀. Ihò méjì lè wà lójú ègé kan, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, bíi pé wọn ò mọ ara wọn rí. Ṣùgbọ́n bí o bá ṣí ègé tó tẹ̀ lé e, àti òmíràn, wàá rí i pé àwọn ihò méjèèjì ń sún mọ́ra, títí wọn yóò fi wọnú ara wọn. Ihò kan náà ni wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀. Ègé tí o kọ́kọ́ wò ni kò fi hàn ọ́. Iṣẹ́ wa ni láti sọ èyí tó jẹ́ ọ̀kan àti èyí tó jẹ́ méjì, kì í ṣe lójú ègé, bí kò ṣe nínú odidi búrẹ́dì.

Kọ̀ǹpútà tún ń gé ègé kọ̀ọ̀kan sí hóró hóró, bí hóró ṣúgà onígun mẹ́rin tí wọ́n tò sínú páálí. Hóró kọ̀ọ̀kan ní àwọn aládùúgbò. Mẹ́fà ló fi ojú kàn án pẹrẹsẹ: iwájú, ẹ̀yìn, ọ̀tún, òsì, òkè, ìsàlẹ̀. Àwọn yòókù wà tó jẹ́ pé etí nìkan ni wọ́n fi kàn án, tàbí ṣóńṣó igun lásán. Bí a bá ka gbogbo wọn pọ̀, mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni wọ́n. Ó dà bí ilé wa níbí. Àwa àti àwọn tó wà lápá ọ̀tún wa jọ ní ògiri kan. Bí wọ́n bá ń gún iyán, abọ́ wa á máa mì. Ilé ẹ̀yìn, igun fẹ́ǹsì nìkan la fi kan ara wa. Ṣé ká ka àwọn náà mọ́ wa? Ẹni tó fẹ́ kà ní láti kọ́kọ́ pinnu òfin rẹ̀, kó sì dì í mú títí yóò fi kà tán. Òfin tí wọ́n fún Àṣàkẹ́ ni pé ojú pẹrẹsẹ nìkan ni kó kà. Ó wá jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ka igun mọ́ ọn nínú ìdìpọ̀ kan ṣoṣo. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn.

Ó ku bí a ṣe ń fi nọ́ńbà sí wọn. A ó bẹ̀rẹ̀ láti hóró àkọ́kọ́ nínú páálí, a ó máa lọ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan dé ìkẹyìn. Bí a bá kan hóró tó ní àbàwọ́n, ìyẹn àmì ibi tó bàjẹ́, a ó wo àwọn aládùúgbò rẹ̀ tí a ti kọjá. Bí kò bá sí èyí tó ní nọ́ńbà, a ó fún un ní nọ́ńbà tuntun. Bí ọ̀kan bá ní, a ó fún un ní ti aládùúgbò náà. Ṣùgbọ́n bí aládùúgbò méjì bá ní nọ́ńbà tó yàtọ̀ síra ńkọ́? Ìyẹn ni pé ohun tí a rò pé ó jẹ́ méjì ti pàdé. A ó kọ ọ́ sínú ìwé: "Ẹ̀kẹrin àti ẹ̀kẹsàn-án, ọ̀kan ni wọ́n." Nígbà tí a bá dé òpin, a ó padà síbẹ̀rẹ̀, a ó ṣí ìwé yẹn, a ó sì tún gbogbo nọ́ńbà ṣe. Ẹni tí kò bá rin ìrìn kejì yìí, kò tíì ka nǹkan kan.

Àṣàkẹ́, fi ìka rẹ sórí gbólóhùn ìkẹyìn yẹn. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ mi wà.

Nígbà tí mo wà ní ọdún kejì tí mò ń kọ́ bí a ṣe ń ka àwòrán ní ilé ìwòsàn ńlá kan, kọ̀ǹpútà tó lè ṣe iṣẹ́ yìí kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa. Ọwọ́ la fi ń ṣe é. A ó gbé fíìmù kọ́ sórí pátákó oníná, a ó tẹ́ pépà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé e, a ó fi pẹ́ńsù aláwọ̀ yí ibi tó ní àbàwọ́n ká, a ó kọ nọ́ńbà sí i. Pépà kan, ègé kan. Àǹtí Làbákẹ́ ló ń ṣe olórí yàrá náà. Kì í ṣe dókítà, àwòrán ló ń yà, ṣùgbọ́n dókítà tó bá gbọ́n kì í kọ èsì kí ó tó bi í léèrè. Òun ló sọ ọ́ di dandan kí olúkúlùkù wa ní ìwé kékeré kan, tí a fi okùn so mọ́ bọ́tìnì ẹ̀wù funfun wa, kí ó má bàa sọnù. Inú ìwé yẹn la ń kọ àwọn nọ́ńbà tó pàdé sí, òun la sì fi ń rin ìrìn kejì. Bí o bá gbé iṣẹ́ dé iwájú rẹ̀, ìbéèrè kan ṣoṣo ló máa bi ọ́:

"Ìwé kékeré ti sọ̀rọ̀?"

Ìwọ náà á dáhùn pé, "Ó ti sọ̀rọ̀, mà." Nígbà náà ni yóò gba iṣẹ́ rẹ.

Lọ́jọ́bọ̀ kan, wọ́n gbé ọkùnrin kan wá. Ọmọ Ìwó ni, ó ń gbé ní Alápòtí, ó sì ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ ní ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe ike ní Ṣàngó. Orí ti ń fọ́ ọ fún oṣù mélòó kan, kò ka á sí, títí ó fi ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. Èmi ni mo fi nọ́ńbà sí àwòrán rẹ̀. Mo yára ṣe é. Wọ́n ti ń pè mí ní Ọwọ́-Yá nínú yàrá yẹn, orúkọ náà sì dùn mọ́ mi létí. Mo rí kókó kan níwájú, mo rí òmíràn nísàlẹ̀ lẹ́yìn. Nígbà tí mo dé àwọn ègé ìkẹyìn, mo rí i pé nǹkan tín-ín-rín kan, bí ọrùn kèrègbè, so àwọn méjèèjì pọ̀. Mo kọ ọ́ sínú ìwé kékeré mi. Mo wá gbàgbé láti rin ìrìn kejì.

Àǹtí ní, "Ìwé kékeré ti sọ̀rọ̀?"

Mo ní, "Ó ti sọ̀rọ̀, mà."

N kò ṣí i. N kò rò pé irọ́ ni mò ń pa. Ẹnu mi ló dáhùn, bí ènìyàn ṣe ń dáhùn "Àmín" kí àdúrà tó parí. Mo kọ ọ́ sínú èsì pé kókó méjì ni.

Bí ó bá jẹ́ ọ̀kan, wọ́n lè yọ ọ́. Bí ó bá jẹ́ méjì, níbi tó jìnnà síra bẹ́ẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ lójú àwọn oníṣẹ́ abẹ ni pé ibòmíràn nínú ara ló ti wá, ó sì ti tàn ká. Wọ́n ní kí ìyàwó rẹ̀ máa gbé e lọ sílé, kí wọ́n máa tọ́jú rẹ̀ níbẹ̀. Mo rí wọn bí wọ́n ti ń lọ ní ọ̀sán ọjọ́ náà. Ìyàwó rẹ̀ gbé báàgì, ó ń rìn níwájú, kò wẹ̀yìn.

Kí wọ́n tó tilẹ̀kùn yàrá wa nírọ̀lẹ́ ni mo ṣí ìwé kékeré láti wá nǹkan mìíràn. Ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ ni mo rí níbẹ̀, tí mo fà gbọọrọ: "4 àti 9, ọ̀kan ni."

Àṣàkẹ́, mo pa ìwé náà dé.

Èyí ni mi ò sọ fún ọ rí. Mo dákẹ́ lọ́jọ́bọ̀, mo dákẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì, lọ́jọ́ Àbámẹ́ta àti lọ́jọ́ Àìkú. Gbogbo ohun tí o sọ fún mi lórí fóònù ni mo sọ fún ara mi nígbà náà. Mo ní wọn yóò lé mi. Mo ní bóyá àwọn oníṣẹ́ abẹ yóò tún àwòrán náà wò, kí wọ́n rí i fúnra wọn. Mo tilẹ̀ ní bóyá èmi ló ṣì í kọ sínú ìwé, pé méjì ni lóòótọ́. Ìbẹ̀rù jẹ́ amòfin tó gbọ́n, kò sí ẹjọ́ tí kò lè rò.

Lọ́jọ́ Ajé, mo lọ bá Àǹtí. Ó ń mu tíì.

"Àǹtí, ìwé mi ò sọ̀rọ̀ lọ́jọ́bọ̀."

Ó gbé kọ́ọ̀bù sílẹ̀. "Ti ta ni?"

"Ọkùnrin Alápòtí yẹn, mà."

"Ìgbà wo lo mọ̀?"

"Lọ́jọ́bọ̀ náà, mà."

Kò pariwo. Ì bá pariwo ni, ì bá sàn fún mi. Ó kàn ń ká ìka rẹ̀ kò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: "Ọjọ́bọ̀. Ẹtì. Àbámẹ́ta. Àìkú." Ó dìde, ó kó gbogbo pépà náà jáde, ó tò wọ́n léra, ó gbé wọn sójú iná. Ọrùn tín-ín-rín yẹn wà níbẹ̀. Ó fi han oníṣẹ́ abẹ, ìyẹn ní kí wọ́n mú ọkùnrin náà padà wá kíákíá. Kò sí fóònù alágbèéká nígbà náà. Àǹtí mú báàgì rẹ̀, ó yíjú sí mi.

"Ọwọ́-Yá, ṣé ẹsẹ̀ ò yá ni? Dìde ká lọ."

Ọ̀sán la dé Alápòtí. A bá ọkùnrin náà lórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé, ó fi ọwọ́ òsì di ṣíbí mú, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà lórí itan bí ohun tí ẹnì kan gbàgbé síbẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Ràṣídì, ló kọ́kọ́ rí wa.

"Ẹ̀yin tí ẹ ní méjì! Ṣé ẹ tún wá sọ pé ó ti di mẹ́ta ni?"

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Rárá, mà. Ọ̀kan ni. Èmi ni mo kà á sí méjì. Mo ti mọ̀ láti Ọjọ́bọ̀, ẹ̀rù ló bà mí."

"Ẹ̀rù?" Ó bọ́ sí iwájú mi. "Gbogbo ìwé tí ẹ kà yìí, ẹ ò lè ka ení, èjì? Ràṣídì tí kò tíì ju ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ, ó ń kà á dé ọgọ́rùn-ún láìkọsẹ̀!"

Ọkọ rẹ̀ ló rẹ́rìn-ín. Tòótọ́ ni mo sọ, ó rẹ́rìn-ín.

"Ìyá Ràṣídì, fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀. Dókítà, ẹ dìde. Ẹ tún un kà lójú mi kí n tó wọ mọ́tò. Ọ̀kan ni àbí méjì?"

"Ọ̀kan ni, sà."

"Ó dá yín lójú?"

"Ó dá mi lójú, sà."

"Ẹ̀hẹn. Ọ̀kan ò le." Ó na ọwọ́ òsì sí mi kí n fà á dìde. "Ẹ má bínú o. Ọ̀tún ò jẹ́pè mọ́ láti Sátidé."

Wọ́n yọ kókó náà, ó sì yè. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún un títí di òní. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún yẹn kò padà sípò. Kò sí dókítà tó lè búra pé ọjọ́ mẹ́rin yẹn ló fà á. Èmi náà kò lè búra pé òun kọ́. Kò lè ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ mọ́. Ó fi ọwọ́ òsì kọ́ bí a ṣe ń ro oko, ó gbin ọsàn.

O ti mọ ẹni tí mò ń sọ báyìí. Bàbá Alápòtí wa ni.

O ò tíì pé ọdún mẹ́fà nígbà tó gbé ọsàn wá fún wa ní ọdún kan. Ó mú èyí tó pọ́n jù, ó nà án sí ọ. O kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, o sì wí fún mi kedere níwájú gbogbo wa pé, "Dádì, bàbá yìí ò lẹ́kọ̀ọ́. Ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń fún mi." Bàbá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Òótọ́ lọmọ sọ. Ìyá rẹ̀ kọ́ ọ dáadáa." Ṣùgbọ́n èmi jágbe mọ́ ọ, mo ní kí o kúnlẹ̀, o sì sunkún títí o fi sùn. N kò sọ ìdí rẹ̀ fún ọ. Ẹ̀kọ́ tí a kọ́ ọ lo tẹ̀ lé. Ẹ̀ṣẹ̀ mi ni mo ń na lára rẹ. Dárí jì mí, Àṣàkẹ́.

Ìmọ̀ràn mi wá nìyí. N kò tò ó bí òfin. Bó ṣe ń wá sí mi lọ́kàn ni mò ń kọ ọ́.

Èkíní, sọ ọ́. Ọjọ́ tí o bá gba lẹ́tà yìí ni kí o sọ ọ́, má jẹ́ kí ó di ọjọ́ kejì. Má sì lọ pẹ̀lú omi ojú nìkan. Kọ orúkọ gbogbo àwòrán tí ọ̀rọ̀ kàn sílẹ̀, kọ òfin tí o lò àti òfin tó yẹ kí o lò, tún wọn ṣe, kí o sì gbé èyí tí o ṣì ṣe àti èyí tí o tún ṣe lọ papọ̀, kí ọ̀gá rẹ lè fi wọ́n wéra. Ẹni tó gbé àṣìṣe wá pẹ̀lú àtúnṣe, ó ti dín ìrìn ọ̀gá rẹ̀ kù.

Èkejì, má ṣe sọ pé "àṣìṣe kan ṣẹlẹ̀." Àṣìṣe kì í fẹsẹ̀ rìn wọ yàrá. Sọ pé, "Mo ṣe é." Bí wọ́n bá bi ọ́ ní ìgbà tí o mọ̀, sọ pé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Yóò dùn ọ́ láti sọ ìyẹn ju àṣìṣe náà fúnra rẹ̀ lọ. Mo mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀kẹta. Àwọn àwòrán tó wà níwájú rẹ kò ní ojú, wọn kò ní orúkọ, wọ́n ti yọ gbogbo ìyẹn kúrò. Ó rọrùn láti rò pé hóró ṣúgà lásán ni. Ṣùgbọ́n ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi í tẹlẹ̀. Lára ẹnì kan ni wọ́n ti ya ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Èmi ka àwòrán kan ṣì, ọwọ́ kan lọ. Ẹ̀rọ tí ẹ ń kọ́ yóò ka ti ẹni tí a ò mọ iye, ohun tí o bá fi kọ́ ọ ni yóò máa ṣe, kò ní ní Àǹtí Làbákẹ́ tí yóò gbé kọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún un.

Ọ̀rọ̀ Àǹtí ló mú èyí tó kàn wá. Ó bá mi lọ sọ́dọ̀ olórí ẹ̀ka wa, ó dúró tì mí, kò gbà kí wọ́n lé mi. Ìyà tó fún mi ni pé fún oṣù mẹ́fà, èmi ni yóò máa rin ìrìn kejì lórí iṣẹ́ gbogbo ènìyàn nínú yàrá náà. Mo kórìíra rẹ̀ ní oṣù kìíní. Nígbà tí yóò fi di oṣù kẹfà, kò sí ọ̀nà tí nǹkan méjì fi lè jọ ọ̀kan, tàbí tí ọ̀kan fi lè jọ méjì, tí ojú mi kò tíì rí. Gbogbo ohun tí àwọn ènìyàn ń yìn mí fún lónìí, inú ìyà yẹn ni mo ti rí i. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Obìnrin yẹn kọ́ mi láti máa wo ẹ̀yìn nígbà tí mo ṣì kéré.

Ohun kan tún wà tó ṣe. Láti ọ̀sẹ̀ yẹn, kò béèrè mọ́ bóyá ìwé kékeré ti sọ̀rọ̀. Ó kàn ń na ọwọ́, ìwọ yóò sì já ìwé rẹ lára bọ́tìnì, wàá gbé e lé e lọ́wọ́. Ó sọ fún mi pé òun náà jẹ̀bi. Òun ti béèrè títí ìbéèrè náà fi di orin lẹ́nu wa. Nígbà tí o bá di ọ̀gá, wàá di ọ̀gá lágbára Ọlọ́run, má ṣe bi àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ ní ìbéèrè tó jẹ́ pé "bẹ́ẹ̀ ni" nìkan ló ní ìdáhùn. Na ọwọ́.

Bí wọ́n bá wá ní kí o máa lọ ńkọ́? Wọ́n lè ní bẹ́ẹ̀. N kò ní tàn ọ́ jẹ. Kì í ṣe gbogbo yàrá ló ní Àǹtí Làbákẹ́. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kó ẹrù rẹ wá sílé. Yàrá rẹ ṣì wà bí o ṣe fi í sílẹ̀, àyàfi pé màmá rẹ ti to ike omi sí ìdajì rẹ̀. Ó ti ka lẹ́tà yìí dé ibí. Ó ní kí n kọ ọ́ pé òun yóò kó ike òun kúrò lọ́jọ́ kan náà. Ó tún ní, "Ọmọ kàn fẹ́ gbọ́ 'lọ sọ ọ́', ẹ wá ń pín búrẹ́dì àti ṣúgà!" Mo ti dá a lóhùn pé ẹ̀wà rẹ̀ ń jóná.

Ó ku ohun kan. Lánàá, mo lọ sí Alápòtí. Ìtàn yìí kì í ṣe tèmi nìkan, n kò lè sọ ọ́ fún ọ láìgba àṣẹ. Bàbá ti darúgbó, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ mú. Mo ní ọmọ mi ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí mò ń ṣe, ó ti ka nǹkan ṣì, ẹ̀rù sì ń bà á láti sọ.

Ó ní, "Èwo nínú wọn? Ṣé èyí tó ní mi ò lẹ́kọ̀ọ́ yẹn?"

Mo ní òun ni.

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Ó ní, "Ẹ sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ẹ má yọ nǹkan kan. Ẹ sì ní mo ní kó yára. Ọ̀kan ni o, méjì ni o, kó sáà tètè sọ."

Mo bi í ní ohun tí n kò bi í rí láti gbogbo ọdún yìí wá, pé kí ló dé tí kò bínú sí mi lọ́jọ́ yẹn. Ó ní, "Dókítà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ṣì mí kà. Ẹ̀yin nìkan lẹ padà wá."

Ó dìde, ó lọ sábẹ́ igi, ó já ọsàn. Èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ tiwa, ṣùgbọ́n ó mú ẹyọ kan lọ́tọ̀, ó nù ún mọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó ní tìrẹ ni. Òun ló wà nínú àpò yẹn. Ọwọ́ òsì ló fi nà án sí mi. Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi gbà á, lórí ìkúnlẹ̀, ní orúkọ rẹ.

Ṣí àpò náà báyìí. Jẹ ẹ́, fọ ọwọ́ rẹ, kí o sì lọ bá ọ̀gá rẹ.

Èmi tí mo padà wá, tí mo sì mọ̀ pé ìwọ náà yóò padà,
Bàbá rẹ.